Ojú Mi Tí Wọ́n Pè Ní Ẹ̀tẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó níwájú Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó mọ orúkọ mi kí n tó máa jẹ́ ẹ. Mo dúpẹ́ pé ojú mi ni mo gbé wá síbí lónìí, n kò fi aṣọ bò ó, ẹ sì ń wò ó, ojú kò tì mí.

Nígbà tí mo bí Sámúẹ́lì, àmì dúdú yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Kò dùn mí, kò yún mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń ṣòwò ní Àjàṣẹ́ wá kí wa, ó rí i, ó sì mú ìgò kékeré kan jáde nínú ẹrù rẹ̀.

"Ìyàwó wa, fi èyí pa á. Awọ àtijọ́ á bó, tuntun á yọ."

Ìfẹ́ ló fi fún mi, ẹ má bínú sí i. Mo fi para. Ó ta mí bí ìgbà tí ata bá kó séèyàn lójú. Kò pẹ́, awọ ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi, abẹ́ rẹ̀ sì pupa. Àgbàdo ti gbó lóko, kò ṣeé fi sílẹ̀, ni mo bá lọ. Oòrùn bá awọ tuntun yẹn níbẹ̀. Nígbà tó fi máa jinná, ibì kan ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ibì kan sì funfun bí ẹ̀kọ.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri nìyẹn pé ẹ̀tẹ̀ ti mú ìyàwó ilé wa. Ẹ mọ̀ pé bí àwọn ará ìjọba bá yẹ èèyàn wò, tí wọ́n rí ẹ̀tẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n lè mú un lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn adẹ́tẹ̀ sí. Ìyá ọkọ mi wá, ó gbé Sámúẹ́lì kúrò lórí ẹsẹ̀ mi. Ọmú ṣì wà lẹ́nu ọmọ náà.

Ó ní, "Rèbékà, n kò kórìíra rẹ. Ọmọ ni mò ń dáàbò bò. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ohun tí wàá ṣe nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ó ń fi ògì bọ́ ọ ní ilé tirẹ̀. Wàrà kún àyà mi, ó ń dùn mí, ó ń ṣàn sí aṣọ mi, mo sì ń gbọ́ igbe ọmọ mi láti ẹ̀yìn ògiri. Ọkọ mi kò kúrò lọ́dọ̀ mi. Abọ́ kan náà la ṣì fi ń jẹun.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìjọ wa tó jókòó níwájú yìí wá. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ti àwọn yòókù. Ó jókòó sórí ẹní mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ojú mi mú. Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn mí lójú. Ẹkún ti gbé mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Olúwa, ìwọ lo dá awọ yìí. Fi ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ hàn wá."

Bó ṣe ṣe àmín tán, ó ní kí n dìde, à ń lọ sí dìspáńsérì ní Kétu. Mo ní, bí wọ́n bá ní ẹ̀tẹ̀ ni ńkọ́?

Ó ní, "Bó bá jẹ́ òun ni, a ó mọ̀. Bí kì í bá ṣe òun, ọmọ rẹ ń sunkún lásán."

Dókítà òyìnbó tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ní kí n dijú. Ó mú òwú díẹ̀, ó ń fi kan ibi funfun wọ̀nyẹn jẹ́jẹ́. Ibi tó bá ti kàn ni kí n máa fìka tọ́ka sí. Mo ń tọ́ka, mo ń gbàdúrà nínú. Kò síbi tó kàn tí n kò mọ̀ lára. Ó sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún un sì rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyá ọmọ, ẹ̀tẹ̀ a máa pa awọ ara, ẹni tó ní i kì í mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Tiyín yè. Omi inú ìgò yẹn ló jó yín."

Wọ́n ní kí n dà á nù, kí n má fi kànrìnkàn ha ojú mọ́, kí n má sì wá omi mìíràn tí yóò bó o. Wọ́n fún mi ní pómáàdì funfun kan, wọ́n ní kí n máa dé akẹtẹ̀ ńlá bí oòrùn bá ti yọ, kí n sì ní sùúrù.

Nígbà tí a dé, ilé ìyá ọkọ mi ni Ìyá Ìjọ kọ́kọ́ yà sí. Kò tíì rò ó tán tí ìyá ọkọ mi fi gbé ọmọ, tó ń sáré bọ̀ wá bá mi. Sámúẹ́lì wojú mi títí. Ó kàn fa aṣọ mi sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú, ìyá ọkọ mi sì jókòó tì wá, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú.

Kò san lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ń pè mí ní Ìyá Alákẹtẹ̀, mo sì ń dá wọn lóhùn. Díẹ̀díẹ̀ ni dúdú ń ṣí, tí funfun sì ń padà sí àwọ̀ ara mi. Ó ku ẹyọ kan nítòsí etí mi, kò sì dí mi lọ́wọ́ ìyìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, ó sunkún, ó sì da tirẹ̀ náà nù.

Ẹ̀yin ará, obìnrin tó pọn Sámúẹ́lì sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, ìyá ọkọ mi ni. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Láàárọ̀ yìí ló ní òun fẹ́ wá rí ibi tí mò ń wá dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún fún un lórí bẹ́ńṣì, ẹ má wò ó jù, ojú ń tì í. Kí ẹ sì dìde bá mi kọrin, kí ó gbọ́ bí inú wa ṣe dùn tó pé ó wá.