Àtíkè Ló Sọ Mí Dọ̀gá

Ẹ má sọ fún mi pé kí n rọra, Bàbá Àbdùlmùmín! Ẹ má sọ ọ́ rárá! Ta ló yẹ kó rọra, èmi Ṣẹ̀fíátù tí wọ́n fẹ́ gbé gbèsè owó orí ọdún mẹ́jọ lé lórí, àbí Gérard tó fẹ́ gbé e lé mi? Òun ló rán yín, mo mọ̀. Mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, mo sì rí àpò ọsàn tó fi lé yín lọ́wọ́.

Ó ní èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun! Yéè! Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́ tán, tí mo gbòmìnira lọ́wọ́ òun, ọ̀gá ara mi ni mí, pé mo kàn ń wá bá òun ṣe òwò ni. Ta ló sọ ọ́ fún? Màdáàmù Vanessa nílé owó orí, lójú mi báyìí, ojú ò tì í! Ó wá yọ fọ́tò kan lápò. Ẹ mọ fọ́tò náà, Bàbá, ẹ wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìgbòmìnira mi ni. Èmi nìyẹn nínú búláùsì funfun, Gérard ń da àtíkè sí mi lọ́rùn, àlùmọ́gàjí tuntun wà nínú àwo, ẹ̀yin náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ tẹ́wọ́, ẹ ń ṣàdúà. Àdúà tí ẹ ṣe fún mi ló wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń mú mi!

Ta ni kò mọ bí a ti ń ṣe é ní Atakpamé níbí? Wọ́n á da àtíkè, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á jó, bó bá di ọjọ́ Ajé, ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ ìránṣọ á padà sídìí ẹ̀rọ ọ̀gá rẹ̀. Àtíkè kì í ra ẹ̀rọ fún èèyàn. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn, ẹ̀yin lẹ dúró bíi bàbá fún mi, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n padà lọ máa bá a ṣiṣẹ́ kó máa sanwó oṣù fún mi. Ẹ ti gbàgbé?

Ọ̀gá ara mi! Ọ̀gá wo ló gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ní aago méje, tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, wọ́n á ní kó dúró sójú oòrùn? Nígbà tí ibà ń ṣe Àmírátù ọmọ mi, tí mo ní kí Jacqueline ọ̀rẹ́ mi tóun náà mọ ìránṣọ bá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan péré, ta ló lé Jacqueline padà, tó ní èmi gan-an lòun fẹ́ rí? Ẹ̀rọ, tirẹ̀ ni. Òwú, tirẹ̀ ni. Òun ló ń bá oníbàárà ná ọjà. Ìyá àgbà kan wá láti Moretan, aṣọ tí mo rán fún un dùn mọ́ ọn, ó bá fi nǹkan kékeré sí mi lọ́wọ́, mi ò tíì dì í mọ́ ìdí aṣọ tí Gérard fi na ọwọ́. Ó ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù òun ni. Wọlahi, bó ṣe wí nìyẹn!

Ẹ ò sì tíì gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù. Lóṣooṣù ló ń yọ nínú owó mi! Mo bi í léèrè. Ó ní owó orí òṣìṣẹ́ ni, pé ìjọba ló ní kí ọ̀gá máa yọ ọ́ kó sì gbé e wá fún àwọn. Mo ní ó dáa. Ọdún mẹ́jọ, Bàbá! Nígbà tó ń gbà á lọ́wọ́ mi, òṣìṣẹ́ ni mí. Nígbà tí wọ́n wá ní kó gbé e kalẹ̀, mo dọ̀gá. Ó sọ mí di àdán, mi ò ṣeku, mi ò ṣẹyẹ!

Mi ò ní purọ́ mọ́ Màdáàmù Vanessa o. Ìbéèrè ló bi wá: ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló ń pàṣẹ, ta ló ń dá iye lé iṣẹ́. Mo ń dáhùn, Gérard ń na fọ́tò sí i lójú. Màdáàmù ní nígbà tí kò ti sí ìwé àdéhùn láàárín wa, kí ẹni tó mọ bí a ṣe jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin ni mo dárúkọ. Ẹ wá rí ìdí ọsàn báyìí?

Hẹn? Kí lẹ wí? Kí n gbà pé ọ̀gá ni mí, kí ọ̀rọ̀ má di ariwo? Pé Gérard á máa ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀? Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n bú àgbà. Inú ń bí mi!

Ó dáa. Ó dáa náà, mo gbà! Háà-hà-háà! Mo ti dọ̀gá! Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ bá mi fún un, ọ̀gá kì í ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún aṣọ ilé-ìwé tí àwọn ará Anié fẹ́ gbà lọ́jọ́rú, tó ti gé sílẹ̀, tí kò sẹ́lòmíì tó lè rán ọrùn rẹ̀ níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọ̀gá Ṣẹ̀fíátù kì í ṣiṣẹ́ lónìí. Bó bá fẹ́, kó wá kan ilẹ̀kùn mi, kó gbọ́ iye tí mo máa dá lé e. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ń san fún mi tẹ́lẹ̀ ni, àsansílẹ̀. Mo sì lè sọ pé mi ò ṣe. Ṣé bí ọ̀gá ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ẹ jókòó, mi ò tíì sọ tán. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, mò ń retí yín lẹ́nu ọ̀nà ilé owó orí. Ẹnu tí ẹ fi ṣàdúà lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni kí ẹ fi sọ ohun tí ẹ mọ̀. Kí ẹ tó wá, ẹ dá ọsàn rẹ̀ padà fún un.