Ìyá Wa Wà Láàyè, Mo Ní Wọ́n Ti Kú

Àbúrò mi kan ṣoṣo, Kúdí, ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú mi ní Ìkòròdú níbí, ṣùgbọ́n kì í dá mi lóhùn. Ó ń bá aládùúgbò rẹ́rìn-ín, ó ń bá ọlọ́kadà ṣàwàdà. Èmi tí mo tọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjì ni kò fẹ́ rí. Ẹ má bá a wí o. Àfọwọ́fà mi ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún ni àìsàn ọpọlọ kọ lu ìyá wa. Àwọn ẹbí gbé wọn lọ sí Èjìnrìn, mo sì gbé Kúdí wá síbí. Nígbà tó gbọ́n tó ń béèrè ìyá rẹ̀, mo ní wọ́n ti kú. Ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wèrè? Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó! Mò ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà Èjìnrìn, ṣùgbọ́n fún ọdún mọ́kànlá tó gbẹ̀yìn ayé wọn, ẹsẹ̀ mi kò tẹ ibẹ̀. Ojú ń tì mí.

Lọ́dún tó kọjá, ó kan Kúdí. Kò sùn mọ́, kò jẹun, ó ń sunkún nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ oníke tó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn fún un lóògùn, wọ́n sì fà á lé obìnrin wẹ́fíà kan lọ́wọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá irú wọn jókòó sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí kò fi mọ sí oògùn. Ó béèrè oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, títí kan bó ṣe ń kírun. Ó wá sílé, ó ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn Kúdí jókòó yí i ká. Wàsíù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà wá.

Obìnrin wẹ́fíà náà kọjú sí mi. "Mọ̀mí, ṣé ẹnì kankan nínú ẹbí yín ti ní irú àìsàn yìí rí? Ẹ jọ̀ọ́, ó máa ràn wá lọ́wọ́."

Mo wo Wàsíù. "Rárá o! Kò sí i nílé wa."

Obìnrin náà pè mí sẹ́yìn ilé, ó tún béèrè. Mo tún purọ́.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ara Kúdí ti ń yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi, Kúdí, Wàsíù àti obìnrin wẹ́fíà tún jókòó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan nígbà tí bàbá kan kanlẹ̀kùn, ó ní láti Èjìnrìn lòun ti ń bọ̀, pé ìyá wa ti dolóògbé, wọ́n sì ti sin wọ́n lánàá.

Kúdí wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, màmá mi wà láyé títí di àná?"

Wàsíù tí mò ń tìtorí rẹ̀ purọ́ kò tilẹ̀ sá. Bàbá tirẹ̀ náà ń lo irú oògùn yẹn! Mo bi obìnrin wẹ́fíà bóyá ìtọ́jú yìí ìbá ran ìyá wa lọ́wọ́. Ó rọra ní ó ṣeé ṣe. Èjìnrìn kò mà jìnnà sí wa!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kúdí àti obìnrin wẹ́fíà pè mí kí n wá jókòó pẹ̀lú wọn. Inú mi dùn, mo rò pé àbúrò mi fẹ́ dárí jì mí. Ohun kan ṣoṣo ni Kúdí béèrè: báwo ni ojú màmá òun ṣe rí kí wọ́n tó kú, ṣé irun wọn ti funfun, ṣé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín? Ẹ gbà mí o, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí? Èmi náà ò mọ̀.