Lọ́yà Tó Ní Kí Àǹtí Mọdúpẹ́ Dákẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júbà oyè, pàápàá jù lọ oyè tí ènìyàn kò tíì gbà. Ohun ńlá ni. Kò sí ẹ̀wù òtútù tó ń mú ara móoru tó o ní Jámánì. Mo mọ arákùnrin kan tó ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, ní Hamburg. Injiníà ni gbogbo wa ń pè é, bí o bá sì pe orúkọ rẹ̀ lásán, kò ní gbọ́. Dókítà kan náà wà láàrin wa tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa erùpẹ̀ oko ló ń kà, kò sì tíì kà á tán. Ènìyàn dáadáa ni àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá pè wọ́n, wọ́n á dáhùn, ojú wọn á sì mọ́lẹ̀ kedere.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kù díẹ̀ kí ó ba ayé ọmọlọ́mọ kan jẹ́.

Kriminọ́lọ́jì ni mo lọ kà ní yunifásítì kan ní Hamburg, pẹ̀lú òfin díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí tí ènìyàn fi ń jalè, ohun tí ẹ̀wọ̀n ń sọ ènìyàn dà, ìdí tí ọlọ́pàá fi ń dá ẹnì kan dúró tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í sọ ènìyàn di lọ́yà. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ mi dé ìparí, wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Lọ́yà àwọn ọ̀daràn." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò wa ní Òṣogbo ti ń pè mí ní lọ́yà.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni Àǹtí Mọdúpẹ́. Télọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kreuzberg, ní Berlin, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó gùn jù, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ síìpù fún àwọn òyìnbó. Ilé wọn ni mo kọ́kọ́ sùn nígbà tí mo dé sí Jámánì, kí n tó kọjá sí Hamburg. Àǹtí kì í dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí nítòsí, wọ́n á máa bá síìpù sọ̀rọ̀: "Ìwọ, ṣé o ò ní gòkè ni? Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kà, wọ́n rán kóòtù dúdú kan fún mi pé kí n máa wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹjọ́. Mo wọ̀ ọ́, mo dúró síwájú dígí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wo lọ́yà mi! Adájọ́ gan-an á dìde fún ọ!"

N kò sọ pé n kì í ṣe lọ́yà. Mo yí ẹ̀yìn padà kí n lè wo bí kóòtù náà ṣe rí lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, onílé fẹ́ lé wọn jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ń da àwọn tó ń gbé lókè láàmú, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Kọ́ọ̀tù ní kí Àǹtí fèsì bí wọ́n bá ní ohun láti sọ. Wọ́n sì ní i o. Onílé yìí kan náà ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọlé, oníbàárà wọn sì ni àwọn ará òkè. Wọ́n pè mí ní Hamburg.

"Lọ́yà mi, kí ni ká ṣe?"

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ́ wa pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ torí ìdákẹ́ náà dá a lẹ́bi. Ẹ̀kọ́ náà wù mí gan-an. Mo ti ń wá ẹni tí màá lò ó fún.

"Ẹ dákẹ́, Àǹtí," ni mo wí. "Ẹ má fèsì rárá. Ẹ̀tọ́ yín ni."

"Ṣé kò yẹ ká wá lọ́yà òyìnbó kan kún un?"

"Àǹtí, kí lẹ wá ń fi èmi ṣe?"

"Má bínú, ọkọ mi. Mo ti dákẹ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, mo mọ̀ pé ẹ ti káwọ́ lérí. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀daràn. Níbẹ̀, bí o kò bá fèsì, ńṣe ni wọ́n máa gbà pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ. Àǹtí dákẹ́ bí mo ṣe wí, àkókò kọjá, kọ́ọ̀tù dá onílé láre láìrí ojú wọn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin láti bá wọn kó ẹrù. Mo ti ka ìwé mi dáadáa kí n tó lọ, mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Láti Hamburg ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé báyìí, Àǹtí di ọwọ́ mi mú.

"Lọ́yà, má bínú sí mi. N ò ṣe bí o ṣe wí. Mo pàdé onílé lórí àtẹ̀gùn, mo kí i, mo sì sọ fún un pé Ọlọ́run ń wò ó. Ó ní láti jẹ́ pé òun ló lọ rò fún adájọ́. Ẹnu mi yìí! Ẹnu mi ló kó bá mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo mí kanlẹ̀ bí àgbà lọ́yà. Mo ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná, Àǹtí. Ẹ má da ara yín láàmú mọ́."

Mo dárí jì wọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: èmi ni mo dárí jì wọ́n. Wọ́n sì dúpẹ́, wọ́n dín ẹran fún mi.

Inú yàrá ni wọ́n ti ń ránṣọ báyìí, oníbàárà kò sì tó nǹkan mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti ń ṣọ́ ẹnu wọn. Mo lọ kí wọn nígbà kan, wọ́n sì pààrọ̀ síìpù kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Wọ́n tún wá fi ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ wọn, títí dé ẹ̀ka ìjọ náà ní Hamburg, pé ẹni tó bá lẹ́jọ́ kó pa ẹnu mọ́. Báyìí ni ó ṣe dé etí Ṣadé, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá èbúté Hamburg. Ọ̀gá rẹ̀ ṣàdédé dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣadé pè mí.

"Bọ̀dá Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí Mọdúpẹ́ ní kí n má fèsì, mo sì ti ń dákẹ́ látìgbà náà. Mo kàn ní kí n bi yín, ṣé mo lè kí ọ̀gá mi bí mo bá pàdé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òfin Jámánì fún ẹni tí wọ́n bá dá dúró láti lọ sí kọ́ọ̀tù, ó sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ nínú ìdákẹ́. Mo ní kí ó wọ bàtà. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní tòótọ́, wọ́n sì bá a gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé kọ́ọ̀tù kí ọjọ́ tó pé.

Bí a ṣe ń padà, ó wò mí. "Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí Àǹtí dákẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀."

"Yàtọ̀ báwo?"

Mo ní bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì kankan tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Títí di òní, bí Àǹtí bá pè mí, wọ́n ṣì ń tọrọ àforíjì nítorí ẹnu wọn. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo mọ̀ pé mo lè pàdánù ìyá kan ní ìlú òkèèrè. Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á máa ṣọ́ ẹnu tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni títí tí wọ́n á fi darúgbó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́ ni, àbí kí n sọ ọ́ kí n tó kúnlẹ̀?

Mo ti fi Injiníà rẹ́rìn-ín, mo ti fi Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe èmi ní lọ́yà, èmi náà sì dáhùn.