Ẹyin Tí Wọ́n Ní Yóò Sọ Làmídì Di Olè

Nígbà tí mo wà ní kékeré níbí, ní Ìwó, tí mo ṣì ń fi kèrègbè pọnmi lódò Ọbà... ẹ jókòó dáadáa, ẹ gbọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já àbúrò mi, Làmídì, lẹ́nu ọmú ni. Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Ẹran ńkọ́? Ta ló ń fún ọmọdé lẹ́ran nígbà yẹn? Ẹyin wá lèèwọ̀ pátápátá. Bàbá wa á ní, "Ọmọ tó bá fi ẹyin kọ́ ẹnu, olè ni yóò ya." Bẹ́ẹ̀, adìẹ wọn ń yé káàkiri àgbàlá.

Làmídì wá ń wú. Ikùn yọ, ẹsẹ̀ wú, irun rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ará ilé ní, "Ó kúkú ń sanra." Sísanra wo? Ọmọ tí kò lè dìde nílẹ̀...

Ìyá tó bí bàbá wa ló wá kí wa láti Olúpọ̀nnà. Wọ́n fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ibẹ̀ jìn wọlé, kò kún padà. Wọ́n bi ìyá mi pé:

"Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni, Ìyá."

"Ẹ̀kọ àti kí ni?"

"Ẹ̀kọ náà ni."

"Ẹ̀kọ dára. Àmọ́ omi nìkan kọ́ la fi ń mọ ilé. Amọ̀ rẹ̀ dà?"

Ni wọ́n bá ní kí n bó ẹ̀wà. Mo lọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí. Wọ́n fọ́ ẹyin adìẹ bàbá wa méjì sí i, wọ́n bu epo sí i, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n sè é. Ojoojúmọ́ ni o, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ tí a gún.

Ọjọ́ kẹta ni bàbá wa rí èèpo ẹyin. "Ìyá, ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di olè."

Ìyá àgbà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Olè tó wà láàyè, a ó bá a wí. Òkú ńkọ́, ta ni yóò bá a wí?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá fúnra wọn ló kó ẹyin wá, wọ́n ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, àfi bí ẹni pé adìẹ ló rán wọn.

Kí oṣù kejì tó pé, Làmídì ti ń lé adìẹ kiri. Nígbà tí bàbá wa darúgbó, ọwọ́ ta ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àká sí? Ọwọ́ Làmídì náà ni. Ẹran inú àwo mi nìkan ló jí rí. Ìyẹn náà, mo rí i, mo kàn ń wò ó ni.

Lónìí ńkọ́? Ẹyin pọ̀ lọ́jà, ẹ wá ń fi bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò tọ́mọ. Omi náà ni, ṣúgà lẹ kàn dà sí i. Ṣìfáwù, ọmọ ọmọ mi, ìwọ tó fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀wà wà nínú igbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dìde, lọ bó o. Apá tèmi ti ro tó.