Ìgò Tó Gbóná Bí Ẹyin

Bàbá Husain, èmi ò mọ nǹkan kan o. Tòlótòló oníyìnyín ni mò ń tà ní Ìwòyè, kí ló kàn mí kan ẹ̀jẹ̀ àti áńtíbọ́dì? Ẹ sáà jókòó, ẹ má bá mi wá omi, òùngbẹ kọ́ ló gbé mi dé ilé yín, Husain ọmọ yín ni, ẹ sì sọ fún un kó yéé sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìgò náà nìyí. Ẹ gbà á mú. Kò tó ìka ọwọ́ mi. Àbúrò mi Azeezat, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ní Ayétòrò, ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ti bodè lóṣù kẹjọ. Ara ehoro ni wọ́n ti fa ohun inú rẹ̀ jáde. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rẹ́rìn-ín tèmi. Azeezat ní ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, òun ni kì í jẹ́ kí àìsàn tí eṣinṣin ń kó ran màlúù pa ẹ̀yin náà. Ojú lásán ò rí i. Áńtíbọ́dì inú ìgò yìí ló máa wá a kàn, á lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àgbẹ̀, kò sì ní lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tó kórìíra ni ooru, òun ló ń pa agbára rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín, tó ń fi ọ̀kadà gbé tòlótòló mi wọ̀lú, ṣe lánàá. Inú kúlà ni wọ́n ti fà á lé e lọ́wọ́ ní Kútọnu, yìnyín yí i ká bí ìjòyè. Ó dé ọ̀nà igbó, ó rò ó pé ẹni tó bá gbé kúlà sórí ọ̀kadà lásìkò yìí, tòlótòló ló gbé, àwọn aṣọ́bodè á dá a dúró. Ó fi kúlà ta obìnrin kan lọ́rẹ, ó da yìnyín sínú sóbò, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu ún, ó wá ki ìgò bọ inú àpótí irinṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, láàárín sípánà àti àkísà ọ́ìlì. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì! Ó gbóná bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé nígbà tó gbé e fún mi, ó sì ń yọ eyín, ó ní, "Màmá Mẹ̀dínátù, wọn ò rí i."

Kí lẹ wí? Ta ló kọ́ ọ?

Ó dáa, èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa ju kúlà nù, kó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo tòlótòló. Tòlótòló tí yìnyín rẹ̀ bá yọ́, ẹ ó sè é kíá, ẹ ó jẹ ẹ́. Wàláhì, èyí ò ṣe é sè.

Ogójì àgbẹ̀ ló na apá fún Azeezat kó fa ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀yin gan-an wà níbẹ̀, ẹ ń dijú bí ọmọ tuntun. Ta ló dúró fún un? Èmi yìí. Mo ní á padà wá sọ ohun tó bá níbẹ̀ fún oníkálukú. Ní báyìí, bí mo bá ń kọjá, Ìbídàpọ̀ tó ń hun agbọ̀n á ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́, ṣé tòlótòló yín ti mu ún tán?"

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ṣì mọ́ gaara. Bí mo bá tún un kó sínú yìnyín, tí mo gbé e lé Azeezat lọ́wọ́, kò sí ojú tó máa mọ̀. Á kán an sí ẹ̀jẹ̀ yín, kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ogójì ènìyàn Ìwòyè ò ní ẹ̀ṣọ́ lára, ẹ̀yin tí eṣinṣin ti ń jẹ láti kékeré.

Azeezat ti wọkọ̀ ní Ayétòrò. Á dé kí ẹ tó kírun àsárì. Èmi, ẹ̀yin, àti ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn: ta ló máa sọ fún un?