Àpótí Tí Káfíńtà Sọ Di Tuntun

Tuntun kọ́, tuntun ni! Àga mi ni mo lọ gbà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ìyànà Ìyẹ̀sí o. Ni mo bá bá òun àti màmá kan tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ lórí àpótí igi tí bàbá màmá yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe kó tó kú, tó gé eegun màlúù wẹ́wẹ́ tẹ̀ sára igi bí òdòdó.

"Eegun kan ṣoṣo ló bọ́. Mo ní kó o lẹ̀ ẹ́ padà."

"Mà, gbogbo ẹ̀ ni mo bá yín yọ. Mo fi máṣíìnì fá a, mo kùn ún ní góòlù. Ó ti di tuntun!"

"O káre, ọ̀gá iṣẹ́. Bàbá mi ni ò gbọ́n, tó ń gé eegun títí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì. Kò mọ̀ pé wọ́n ń ta ọ̀dà."

"Góòlù ló wà lóde báyìí, mà. Pẹpẹ ìwàásù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, góòlù ni."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ wàásù lórí àpótí ni?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn eegun yẹn nínú lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà nílẹ̀. Káfíńtà wá gbé ìgbálẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Ìdọ̀tí nìyẹn, mo fẹ́ gbá a."

Ìdọ̀tí! Mo já ìgbálẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo jù ú sí gọ́tà. Wọ́n ní mi ò ní sùúrù. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?