Eyín Tí Mo Fi Òkúta Ṣe

Ẹ má ní kí n jókòó, Màámi, mi ò jókòó! Ṣé ìjókòó ló kan ẹni tí ọmọ ìyá ẹ̀ dalẹ̀ ẹ̀? Ọmọ yín kékeré, àbúrò tí mo fọwọ́ ara mi mú wọ ibi tá a ti ń fi òkúta ṣe eyín fáwọn dókítà eyín, òun ló dúró níwájú ọ̀gá àtàwọn àlejò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó lanu gbàgà, tó ní òun lòun wá ọgbọ́n tí òkúta fi ń mọ́ tí eyín fi ń funfun. Òun kẹ̀! Háà!

Ọdún mẹ́ta, Màámi! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fọ́ òkúta funfun wẹ́wẹ́, tí mò ń rẹ ẹ́ sómi kí n lè rí èyí tó bá ní ìlà pupa lára, kí n jù ú nù. Mo lọ èyí tó kù kúnná bí àtíkè, mo pò ó mọ́mi, mo fi òòfà tí mo faṣọ wé rò ó títí, torí irin bíńtín tó bá ṣẹ́kù, tó bá ti wọná, dúdú ló máa yọ lára eyín. Ẹ wo ìka mi. Ṣé ìka obìnrin nìyí? Ta ló kọ́ mi? Mo ṣe é, ó bàjẹ́, mo tún un ṣe, ó tún bàjẹ́!

Ó sì mọ̀ o! Nígbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn tí eyín iwájú ẹ̀ ká, ta ló ṣe òmíì fún un? Àkọ́kọ́ tó jáde láìlábàwọ́n, òun ni mo fún. Eyín yẹn náà ló fi ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá! Ó ń parọ́, eyín mi ń dán lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé: mo máa ń gbọ́ ọ, mo ṣebí ilé ẹlòmíì ni wọ́n ń wí ni.

Ọ̀gá wá fi í ṣe olórí ìdí ìléru tá a ti ń sun eyín. Èmi? Kí n máa bá a nu tábìlì. Mo wo ọmọ yín lójú, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dùn mí, Màámi, ó dùn mí wọ egungun.

Kí lẹ wí? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá? Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò ṣe rántí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?

Ẹ dúró ná. Òun ló rán yín wá? Ogójì eyín tó kọ́kọ́ sun, gbogbo ẹ̀ yọ àmì dúdú? Kí ló fi gún òkúta ọ̀hún? Odó irin! Yéè! Torí pé ó yá! Kò mọ̀ pé irin odó ń bó sínú ẹ̀! Hẹ̀hẹ̀hẹ̀! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín jàre, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta.

Rárá o, mi ò ní kọ́ yín kẹ́ ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ ní kó wá fúnra ẹ̀, kó mú ọ̀gá dání, kó bi mí lójú ọ̀gá pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?” Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa sun eyín dúdú lọ!